Ọdún Tí Àǹtí Dúpẹ́ Di Pupa

Ní ọdún tí Àǹtí Dúpẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pupa, gbogbo àdúgbò wa ní Bódìjà ló bá a yọ̀. Bí ó bá sọ̀ kalẹ̀ lọ pọnmi nídìí ẹ̀rọ tó wà lẹ́yìnkùlé, àwọn obìnrin tó to korobá sílẹ̀ a máa wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, wọn a ní, "Dúpẹ́, Ìbàdàn mà gbà ọ́ o! Ọṣẹ wo lò ń lò, kí àwa náà rà á?" Àǹtí á kàn rẹ́rìn-ín músẹ́, á gbé korobá tirẹ̀ sábẹ́ ẹ̀rọ, á sì fẹ̀yìn ti ògiri títí omi yóò fi kún. Àbúrò bàbá mi ni. Wọ́n rán an wá láti Ìkẹ́rẹ́ kí ó lè máa gbé lọ́dọ̀ wa, kí ó sì máa kọ́ iṣẹ́ aránṣọ lọ́dọ̀ obìnrin kan ní Àgbowó. Nígbà tó dé, dúdú ni, dúdú tó ń dán, tí ẹ bá sì rí eyín rẹ̀ nígbà tó bá ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin náà á rẹ́rìn-ín. Ìdí nìyẹn tí màmá mi fi ń pè é ní Adúmáadán. Láyé ìgbà yẹn, ìyàwó ilé kò jẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ pe orúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́. Àfi kó wá orúkọ mìíràn tó wuyì fún un. Ọmọdébìnrin tó ń sáré kiri láàrin àwọn àlejò ni Àǹtí lọ́jọ́ ìgbéyàwó àwọn òbí mi, ọjọ́ náà ni màmá mi fún un ní orúkọ yìí, orúkọ náà sì bá a dàgbà. Ṣùgbọ́n lọ́dún tí mò ń sọ yìí, mo rí i pé bí màmá mi bá ti pè é bẹ́ẹ̀ tán, á wo ojú Àǹtí bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọnù.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì la ń gbé. Láti fèrèsé ilé ìdáná, a máa ń gbọ́ ariwo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń la pákó lọ́jà Bódìjà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ó sì ti wọ̀ wá létí tó bẹ́ẹ̀ tí ọjọ́ Àìkú, tí wọn kì í ṣiṣẹ́, fi máa ń dà bí ọjọ́ tí a sùn sílé onílé. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ní Sẹkitéríàtì. Kì í ṣe ènìyàn burúkú o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ó kàn gbàgbọ́ pé kò sí ohun tó ń ṣe ọmọ ènìyàn tí iṣẹ́ kò lè wò sàn. Bí orí bá ń fọ́ mi, á ní kí n lọ gbálẹ̀. Bí inú bá ń run mí, á ní kí n lọ fọ bàtà òun. Bí mo bá sì wá sọ pé inú kò run mí mọ́, kí n lè bọ́, á ní, "Ṣé o rí i pé iṣẹ́ dára?" Tíṣà ni màmá mi, obìnrin jẹ́jẹ́ tí kì í gbé ohùn sókè, tó jẹ́ pé ojú ló fi ń bá wa wí. Bí a bá ti ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, iyán la máa ń gún, torí àwa ará Èkìtì gbà pé ẹni tí kò jẹ iyán lọ́jọ́ Àìkú kò tíì jẹun. Àǹtí ló ń gún un. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, ọwọ́ rẹ̀ yá, ìró odó rẹ̀ a máa lọ geere, tí àwọn ará ìsàlẹ̀ á máa pariwo pé àjà fẹ́ já lé àwọn lórí. Lọ́dún tó di pupa, ìró náà yí padà. Á gún un díẹ̀, á dúró. Á tún gún un díẹ̀, á tún dúró. Màmá mi á kúrò nídìí ọbẹ̀, á gba ọmọ odó lọ́wọ́ rẹ̀, á gún iyán náà tán. Bàbá mi tó jókòó sí pálọ̀ ló máa ń sọ ọ́: "Dúpẹ́ ti di ọmọ Ìbàdàn. Iyán ti ń nira fún un."

Inú yàrá kan náà ni èmi àti Àǹtí ń sùn, nítorí náà mo mọ àwọn nǹkan tí àwọn àgbà kò mọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò mọ ohun tí mo mọ̀. Mo mọ̀ pé yìnyín ló ti di oúnjẹ rẹ̀. Á lọ ṣí fíríìjì, á fi ìdí ife fọ́ yìnyín nínú àwo, á wá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, á máa rún un lẹ́nu, wọ̀rù, wọ̀rù, títí eyín tèmi náà á fi máa ro mí. Nígbà tí mo dàgbà ni dókítà kan sọ fún mi pé ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ti dín kù gan-an, a máa wù ú láti jẹ yìnyín, tàbí amọ̀, tàbí ẹfun. Ara ló ń wá ohun tó sọnù, kò sì mọ ibi tí ì bá wá a sí. Mo tún mọ ìró ọkàn rẹ̀. Lọ́sàn-án, bí mo bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé tí oòrùn sì mú, mo máa ń gbé orí lé e láyà kí n lè sùn. Ọkàn rẹ̀ ń sáré kì-kì-kì, bẹ́ẹ̀ ó dùbúlẹ̀ ni, kò ṣe iṣẹ́ kankan. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé, "Àǹtí, ta ló ń lé yín?" Ó fọwọ́ pa mí lórí, ó ní, "Ooru ni, Rónkẹ́. Sùn." Bí ó bá ń gbé omi gòkè, á dúró ní àárín àtẹ̀gùn, á gbé korobá kalẹ̀, á di igi àtẹ̀gùn mú, á sì máa mí gúle-gúle. Bàbá mi bá a níbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ó ní ọ̀lẹ ni.

Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ló wá ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ìjọ Aládùúrà ni wá. Nínú ìjọ tiwa, obìnrin tó bá ń ṣe nǹkan oṣù kò gbọdọ̀ wọ inú ilé àdúrà títí yóò fi parí, tí yóò sì wẹ̀ mọ́. Bẹ́ńṣì kan wà níta lábẹ́ igi dóńgóyárò, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń jókòó, wọn a máa gbọ́ orin láti ojú fèrèsé, kò sì sẹ́ni tó ń bi wọ́n léèrè ohunkóhun. Àǹtí tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ akọrin jókòó sí bẹ́ńṣì yìí lọ́sẹ̀ kan. Lọ́sẹ̀ kejì, ó tún wà níbẹ̀. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ náà ni. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ pé afẹ́fẹ́ abẹ́ igi ló ń dùn mọ́ ọn. Bàbá mi kò lè bi àbúrò rẹ̀ obìnrin ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ojú á tì í, ojú á sì ti Àǹtí náà. Ohun tí òun rí kò ju pé àbúrò òun kò wọlé àdúrà mọ́, àti pé àwọ̀ rẹ̀ ń pupa sí i. Ó rò ó pọ̀. Lọ́dún yẹn, bíbóra gbòde. Ẹ ó máa rí obìnrin tí ojú rẹ̀ pupa bí ọsàn tó pọ́n, tí oríkèé ọwọ́ rẹ̀ sì dúdú bí èédú. Wọ́n ti wàásù lé e lórí ní ìjọ wa, wọ́n ní ẹni tó bá ń bóra kò ní í wọ aṣọ funfun dúró níwájú pẹpẹ. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, bàbá mi ti ìpàdé àwọn àgbà ìjọ dé, kò bọ́ bàtà, ó wọ yàrá wa tààrà. Wọ́n ti bá a sọ ọ́ níbẹ̀.

"Dúpẹ́," ó ní, "àwọ̀ tí Ọlọ́run fún ọ, kí ló fi ṣe ọ́?"

Àǹtí kúnlẹ̀. "Bọ̀dá mi, mi ò fi nǹkan kan para ju àdí lọ."

"Ṣé ojú mi fọ́ ni? Ojú gbogbo ìjọ ló fọ́? O ò wọlé àdúrà mọ́, o ò lè pọnmi mọ́, àwọ̀ ẹ ń yí bí aṣọ tí wọ́n ń fọ̀. Bí mo bá rí ìpara yẹn lónìí, Mọ́ńdè ni mò ń mú ọ lọ sí gáréèjì Ìwó Road. Wàá padà sí Ìkẹ́rẹ́ lọ ṣàlàyé fún Ìyá."

Àǹtí wo ilẹ̀. Iṣẹ́ tó ń kọ́ kù díẹ̀ kó parí, wọ́n ti ń sọ ọ̀rọ̀ fìrídọ̀ọ̀mù rẹ̀, ó sì ti sọ fún mi pé aṣọ àkọ́kọ́ tí òun máa rán fúnra òun, tèmi ni. Mo rò ó pé wọ́n máa gbà á lọ́wọ́ mi, ni mo bá bú sẹ́kún. Bàbá mi fa àpótí Àǹtí jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Màmá mi ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Bàbá Rónkẹ́, ẹ ṣe sùúrù. Ẹrù obìnrin ni." Kò gbọ́. Ó da àpótí náà délẹ̀.

Àdí inú ìgò ni, Bíbélì, sùtánà tó ká dáadáa, bébà tí wọ́n fi gé àwòṣe bùláòsì. Kò sí ìpara. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọ̀rá kan jáde, tí ó di wọ́n lẹ́nu pinpin. Bàbá mi já ọ̀kan. Àkísà ni wọ́n, àwọn ìró àtijọ́ tó ya tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, tí ó fọ̀, tí ó ká, ṣùgbọ́n tí àbàwọ́n wọn kò lọ tán. Bàbá mi gbé ọ̀kan sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. "Kí nìyí?" ló ní. Màmá mi já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. N kò rí kí màmá mi já nǹkan gbà lọ́wọ́ bàbá mi rí, n kò sì rí i mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ náà. Ojú bàbá mi yí, ó yé e, ó sì kọjú sí ògiri.

Màmá mi jókòó sílẹ̀ láàrin àwọn aṣọ náà, ó ń wò bí wọ́n ṣe pọ̀ tó. Ó sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Adúmáadán, gbogbo èyí, ṣé ti oṣù kan ni?"

Àǹtí fi orí dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ṣé ó ń dá?"

"Bó bá dá lónìí, á tún bẹ̀rẹ̀ lọ́tùnla, ìyàwó wa. Mo rò pé omi Ìbàdàn ni. Mo rò pé ó máa lọ."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà Àjíǹde."

Màmá mi mú ọwọ́ rẹ̀, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀. Ó ní, "Rónkẹ́, nu ojú ẹ, mú ọwọ́ ẹ wá." Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ tèmi sí ẹ̀gbẹ́ ti Àǹtí. Tèmi pupa, ó ṣì ní ìdọ̀tí eré ọ̀sán lára. Ti Àǹtí funfun bí ògì, pàápàá nínú ìlà ọwọ́. "Bàbá Rónkẹ́, ẹ yíjú síbí," ni màmá mi wí. "Ẹni tó ń bóra, oríkèé ọwọ́ ẹ̀ ló máa ń dúdú. Ẹ wo oríkèé tiẹ̀. Ṣé àwọn tó ń bóra máa ń bó àtẹ́lẹwọ́ ni?" Ó fi àtàǹpàkò fa ìpéǹpéjú Àǹtí sísàlẹ̀ díẹ̀, kí inú rẹ̀ lè hàn. "Ṣé ẹ rí pupa kankan níbí?" Ó ní kí Àǹtí yọ ahọ́n. Ahọ́n náà kò ní àwọ̀. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó títí. Ohun tí gbogbo àdúgbò ti ń kí Àǹtí fún láti ọjọ́ yìí, ẹ̀jẹ̀ tó ń tán lára rẹ̀ ni.

Bàbá mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ṣé ká gbàdúrà sí i, kó wá di Mọ́ńdè, ká lọ rí dókítà?"

Màmá mi ti ń wá gèlè. "Inú mọ́tò la ó ti gbàdúrà," ló wí. "Ẹni tí ọkàn ẹ̀ ń sáré báyìí lórí ìjókòó kò lè dúró di Mọ́ńdè."

Wọ́n dì í mú sọ̀ kalẹ̀. Ní àárín àtẹ̀gùn, níbi tó ti máa ń sinmi, orúnkún rẹ̀ yẹ̀. Bàbá mi kò jẹ́ kó kan ilẹ̀. Ó yíjú, ó bẹ̀rẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ní, "Gùn mí." Àǹtí ní, "Bọ̀dá, mo wúwo." Bàbá mi ní, "Mo ti pọ̀n ọ́ rí." Bẹ́ẹ̀ ló ṣe pọ̀n ọ́n kọjá níwájú àwọn obìnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ omi, nínú aṣọ funfun tó wọ̀ lọ sípàdé, kò sì sí ẹnikẹ́ni tó bèèrè ọṣẹ mọ́. Ó gbé e sí ẹ̀yìn ìjàpá wa, mọ́tò kékeré aláwọ̀ búlúù tó máa ń ké bí ewúrẹ́ bí ó bá ń gun òkè, màmá mi jókòó tì í, èmi jókòó níwájú, a sì forí lé ilé ìwòsàn ní Jẹ́ríkò. Bàbá mi gbàdúrà lójú ọ̀nà lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń wí ní àwítúnwí: "Dá a sí fún mi."

Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì wo Àǹtí lẹ́ẹ̀kan, kò bèèrè káàdì, ó lọ ti kẹ̀kẹ́ wá. Dókítà náà yẹ ojú rẹ̀ wò gẹ́gẹ́ bí màmá mi ti ṣe, ó gbọ́ àyà rẹ̀, ó gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Bí ó ṣe ń bi bàbá mi léèrè, bàbá mi kò mọ ìdáhùn kankan. Ṣé ó máa ń rẹ̀ ẹ́? Ṣé òòyì ń kọ́ ọ? Ṣé ó ń jẹun? Obìnrin tó ń gbé inú ilé rẹ̀ ni o, àbúrò rẹ̀ tí wọ́n jọ mu ọmú kan náà. Nígbà tó yá, dókítà ní, "Ẹ̀jẹ̀ tó kù lára ẹ̀ kò tó nǹkan. Díẹ̀ yẹn ni ọkàn ẹ̀ ń sáré gbé yí ara ká. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ gbé e wá lónìí." Ó ṣàlàyé pé kókó kan ló hù sí ilé ọmọ rẹ̀, òun ló ń fa ẹ̀jẹ̀ náà, pé ó ní ìtọ́jú, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fún un ní ẹ̀jẹ̀.

N kì í ṣe dókítà. Aṣọ fèrèsé ni mò ń tà ní Dùgbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ títí di òní. Ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá na ọwọ́ láti fọwọ́ kan aṣọ, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń wò, àwọn tó mọ̀ mí sì ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wọn. Èmi ò bìkítà. Àwa aláwọ̀ dúdú, àwọ̀ ara a máa bo àìsàn yìí mọ́ra, tàbí kí ó fi pípupa tàn wá jẹ. Ẹ wo inú ìpéǹpéjú, ẹ wo ètè àti ahọ́n, ẹ wo àtẹ́lẹwọ́ àti abẹ́ èékánná. Bí wọ́n bá ń funfun, tí ó sì ń rẹ ẹni náà láìṣiṣẹ́, tí òòyì ń kọ́ ọ, tàbí tí nǹkan oṣù rẹ̀ pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ mú un lọ sílé ìwòsàn, ẹ má ṣe lọ ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ní kẹ́mísìtì kí ẹ wá máa retí. Bí ó bá ń mí gúle-gúle lórí ìjókòó, tí àyà ń dùn ún, tí ó dákú, tí ẹ̀jẹ̀ ń dà tí kò dúró, tàbí tí ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú bí ọ̀dà, wákàtí náà gan-an ni kí ẹ gbéra. Ọmọdé ńkọ́? Ti ọmọdé tún yá ju ti àgbà lọ. Ibà a máa jẹ ẹ̀jẹ̀ wọn kíá. Mo mọ̀ pé mo ń pariwo. Ẹni tó bá gbọ́ kì-kì-kì yẹn létí bí mo ti gbọ́ ọ, òun náà á pariwo.

Wọ́n ní kí ẹbí wá fún un ní ẹ̀jẹ̀. Nígbà yẹn, ẹ̀rù ń ba àwọn ènìyàn. Wọ́n gbà pé ẹni tó bá fúnni ní ẹ̀jẹ̀ ti fúnni ní ọdún kúrò nínú ọjọ́ ayé rẹ̀. Bàbá mi alára máa ń yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí wọ́n bá ń gún mi lábẹ́rẹ́. Màmá mi ní kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ ti òun wò, bàbá mi ní rárá. Ó ká apá aṣọ funfun rẹ̀ sókè, ó sì bá nọ́ọ̀sì lọ. Ti Àǹtí àti tirẹ̀ bára mu.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, màmá mi gbé mi dání lọ, pẹ̀lú ẹ̀fọ́ rírò àti ẹ̀dọ̀ tó sè sínú kúlà oúnjẹ. Kò yẹ kí wọ́n jẹ́ kí ọmọdé wọlé, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì fojú fò mí. Ẹ̀jẹ̀ inú ọ̀rá tí wọ́n gbé kọ́ sókè ń kán wọ apá Àǹtí díẹ̀díẹ̀, pupa ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ní ètè rẹ̀, mo sì gbé orí lé e láyà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán mi. Ọkàn rẹ̀ kò sáré tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Bàbá mi jókòó sórí àpótí ìjókòó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, òwú ṣì wà ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Ó dà bí ẹni pé kò sùn. Ó ń fi ọwọ́ tún etí aṣọ ìbora ṣe, ó ń tún un ṣe, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tó ṣe é.

"Dúpẹ́," ó ní, "kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

Àǹtí yíjú sí i. Kò bínú. Ohùn rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n gbogbo wa gbọ́ ọ. "Bọ̀dá mi, ẹ ò bi mí. Ẹ kàn ń sọ fún mi ni."

N kò rí i rí kí ẹnikẹ́ni dá bàbá mi lóhùn bẹ́ẹ̀. Mo wo màmá mi, màmá mi wo ilẹ̀. Bàbá mi fa àpótí náà sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì, ó di ọwọ́ àbúrò rẹ̀ mú, ọwọ́ funfun yẹn, ó fi méjèèjì bò ó.

"Mo ń bi ọ́ nísinsìnyí," ló wí. "Báwo ló ṣe ń ṣe ọ́?"

Àǹtí wò ó títí, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, láti ìgbà Àjíǹde, ó sọ ti ẹ̀jẹ̀, ó sọ ti àwọn àkísà, ó sọ ti àtẹ̀gùn àti ti bẹ́ńṣì abẹ́ igi, bàbá mi sì gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò gbé ojú kúrò lójú rẹ̀.